Bí Ọwọ́ Ṣe Ń Sinmi

Bí ẹ bá dé Ojú Ore ní Ọ̀tà, tí ẹ ní Bàbá Akínyẹmí Ọ̀ṣìnúbí ni ẹ ń wá, àwọn èèyàn á kàn máa wò yín ni. Bàbá Ọlọ́wọ́ ni kí ẹ bèèrè. Ìsọ̀ onípáànù ni wọ́n ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí èmi ti ń ránṣọ, páànù kan ṣoṣo ló sì là wá láàárín. Nítorí náà, láti ọdún tí mo ti wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ tí n kò gbọ́, ìbáà wù mí, ìbáà má wù mí.

Èmi ni Ìyá Treasure. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti wá. Iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé wa dé Ọ̀tà. Mo lẹ́nu, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti sọ ọ́ fún mi. Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, mo fẹ́ràn wọn gan-an, mo sì fẹ́ yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fi ń bí mi nínú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà. Ṣùgbọ́n àwa yòókù máa ń gbójú fò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ayé ti yí, àwọn ọmọ ò gbọ́ràn mọ́. Bàbá kì í gbójú fo nǹkan kan. Bí ọlọ́kadà bá na ṣéńjì sí wọn lọ́wọ́ òsì, wọn á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọn á máa wò ó títí á fi rántí ilé tó ti wá. Treasure ọmọ mi, ọlọ́wọ́ òsì ni láti ìgbà tó ti ń rá. Tí mo bá ní kó gbé ẹ̀pà lọ fún Bàbá, ẹ̀pà náà á lọ, á bọ̀, á lọ, á bọ̀, títí ọmọ náà á fi pààrọ̀ ọwọ́. Mo ní, “Bàbá, báyìí ni Ọlọ́run ṣe dá a.” Wọ́n ní, “Ọlọ́run ló dá a, àwa ló ní ká tọ́ ọ.” Wọn á wá fi òwe dé e pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ọmọ Àwórì pọ́ńbélé ni Bàbá, ọmọ agbẹ́gilére. Bàbá wọn gbẹ́gi, bàbá bàbá wọn gbẹ́gi. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí bàbá wọn gbẹ́ wà káàkiri ìlú yìí nígbà náà, àwọn òyìnbó a sì máa ti Èkó wá rà á. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú láti Ṣàngó dé Ìgbẹsà, ère kò tà mọ́, Bàbá ti níyàwó, wọ́n ti bímọ. Wọ́n gba iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kan pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to páálí ọjà lé kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Ọmọ agbẹ́gilére tó mọ bí ojú ère ṣe ń rẹ́rìn-ín wá ń kan pákó mọ́ pákó láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, títí irun orí wọn fi funfun.

Lọ́jọ́ kan ni ọkọ̀ àjàgbé kan já pálẹ́ẹ̀tì oníke sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ike kì í gba ìṣó, ikán kì í jẹ ẹ́, kì í ní òun ń lọ sílé ìsìnkú. Wọ́n fún Bàbá ní ìwé ìyìn àti aago ògiri, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé kó máa ṣépè fún ike. Bàbá gbé aago náà kọ́ sínú ìsọ̀, wọ́n wá àáké kékeré tí bàbá wọn fi sílẹ̀, wọ́n pọ́n ọn, wọ́n sì padà sídìí igi. Àpótí ìjókòó, odó, àga ìwàásù fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣí lójoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́. Ibi tí mo bá wọn nìyẹn nígbà tí mo kó dé.

Bí wọ́n ṣe wá di Bàbá Ọlọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì náà ló fà á.

Ọkùnrin kan kó dé àdúgbò wa, Sirajudeen lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin rí, lọ́nà Ìgbẹsà. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ó sì ń pín àkàrà àti àádùn sàárà kiri ojúlé. Ó dé ìsọ̀ Bàbá, ó tẹríba dáadáa, ó kí wọn dáadáa, ó wá na ọ̀rá àkàrà sí wọn. Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú apá jálàmíà tó wọ̀.

Páànù tó là wá láàárín mì. “Gbé nǹkan rẹ kúrò níwájú mi! Ọwọ́ òsì lo na sí mi, èmi tó tó bàbá tó bí ọ? Ṣé èèyàn kọ́ ló tọ́ ọ dàgbà ni? Àbí ìwọ fúnra rẹ kì í ṣe èèyàn?”

Sirajudeen rọra gbé ọ̀rá náà kalẹ̀ sórí igi, ó fi eyín ká apá jálàmíà náà sókè. Ibi ọrùn ọwọ́ ni apá rẹ̀ parí sí.

Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Èyí tó kù nìyí.”

Mo ti dìde láti lọ bá Bàbá jà lọ́jọ́ yẹn, kí n wí fún wọn pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ìgbà tí mo rí ojú wọn ni mo padà jókòó. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀rá náà, wọ́n mú àkàrà kan jáde, wọ́n sì jẹ ẹ́ níwájú Sirajudeen, bí ẹni tí wọ́n ní kó jẹ ẹ́. Sirajudeen ló tún ń tù wọ́n nínú, ó ní ó ti pẹ́, ó ti mọ́ òun lára.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìsọ̀ Bàbá dákẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo ń rò pé bóyá ara wọn ò yá. Nígbà tó yá, mo gbọ́ àáké, mo gbọ́ ọ̀bẹ, mo gbọ́ sáńpépà. Igi ahùn ni wọ́n ń gbẹ́, igi tó fúyẹ́ tí bàbá wọn fi ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kó má baà dun ọrùn ẹni tó rù ú. Ọwọ́ ni wọ́n gbẹ́. Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó, mo ti rí ohun tó dára láyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn dára. Èékánná wà níbẹ̀, iṣan wà níbẹ̀, ìka rẹ̀ nà gbọọrọ bí ìka ọba. Wọ́n rán awọ mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè di apá mú, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Sirajudeen.

Sirajudeen fi í sọ́wọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó dúpẹ́ títí. Ó wá ní, “Bàbá, ó dára o. Ó tiẹ̀ dára ju ọwọ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í wà báyìí.”

Bàbá ní, “Báwo ló ṣe máa ń wà?”

Ọkùnrin náà ronú. “Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo jókòó, orí orúnkún ni mo máa ń gbé e lé. Àtàǹpàkò mi á wọ abẹ́ àwọn ìka yòókù, bíi ti ọmọ tuntun tó sùn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀. Ó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.”

Àgbà mìíràn á bínú. Èèyàn fi ọ̀fẹ́ gbẹ́ nǹkan fún ọ, o ní kì í wà báyìí. Bàbá gba ọwọ́ náà padà, wọ́n fi kọ́ sábẹ́ aago ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tí Sirajudeen fi èkejì yẹn sọ́wọ́, ó jókòó, ó gbé e lé orúnkún. Ó wo àtàǹpàkò igi náà níbi tó ti sá pamọ́ sábẹ́ ìka. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, èmi náà bá a sun ún lẹ́yìn páànù, mo sì ba kọ́là aṣọ oníbàárà jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ní ìbéèrè kan. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa gbẹ́ ọwọ́ fún tí wọn ò ní kọ́kọ́ mú jókòó kí wọ́n bi í pé, “Tí ọwọ́ yẹn ò bá níṣẹ́ kankan tó ń ṣe, báwo ló ṣe máa ń sinmi?” Mo ní ìbéèrè wo nìyí. Wọ́n ní, “Ìyá Treasure, gbọ́. Igi ò lè fọṣọ, igi ò lè kan ìṣó. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ìsinmi nìkan ni igi lè bá a ṣe. Ibẹ̀ náà la sì ti ń mọ èèyàn. Nígbà tí mò ń kan pálẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bákan náà lọwọ́ wa ń lọ, o ò lè fi ọwọ́ mọ èmi àti òun. Ike tó gba iṣẹ́ wa pàápàá ń ṣe é bí a ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí aago ìsinmi lù, kí kálukú jókòó. Ìgbà yẹn lo máa rí i pé èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wá.”

Mo sọ fún wọn pé wọ́n ti pẹ́ jù nídìí igi, pásítọ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣe. Wọ́n ní kí n lọ dojú kọ máṣíìnì mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi ṣá. Mo máa ń rán aṣọ ayẹyẹ fún yunifásítì kan ní Ọ̀tà níbí, wọ́n sì pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dún tó kọjá, lórí ohun tó ń jẹ́ èèyàn láyé tí kọ̀ǹpútà ti ń ronú. Mo lọ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti ń kọ̀wé, ó ti ń yàwòrán, ó ti ń gba èèyàn nímọ̀ràn, kí ló wá kù fún wa? Ẹnì kan ní ìfẹ́ ni, ẹnì kan ní ẹ̀rí ọkàn ni, pásítọ̀ kan ní ẹ̀mí tí Ọlọ́run mí sí wa ni. Mo pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn, torí òótọ́ ni gbogbo wọn sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, àtàǹpàkò Sirajudeen ni mò ń rò.

Òkìkí Bàbá kàn. Ọ̀tà kún fún ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ ò sì mọ ọmọ ẹni tó ń fà. Wọ́n ń wá láti Ṣàngó, wọ́n ń wá láti Ìgbẹsà. Owó igi àti ti awọ nìkan ni Bàbá ń gbà. Ẹnì kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lòun máa ń fi ọwọ́ gbé, ẹnì kan ní etí lòun máa ń fi dì mú. Ọkùnrin kan láti Agbára ní ọwọ́ òun kì í sinmi àfi tó bá wà léjìká ìyàwó òun. Bàbá ní kó lọ mú ìyàwó náà wá. Wọ́n ní kí n wá wọn èjìká obìnrin náà bí ẹni fẹ́ rán búláòsì fún un, torí àwọn ò ní fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Mo wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́ fún ọkùnrin yẹn, tí ẹ bá gbé e sórí tábìlì, kò jọ nǹkan kan. Èjìká obìnrin yẹn nìkan ló bá mu.

Ẹ má wá rò pé Bàbá yí padà lórí ọwọ́ òsì o. Treasure ṣì ń gba ìbáwí tirẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n máa ń wo apá aṣọ èèyàn kí wọ́n tó bínú.

Báyìí ni a ṣe wà tí ọ̀rọ̀ Ẹ̀bùnolúwa fi dé.

Ẹ̀bùnolúwa Ṣọládé ń gbé yàrá kan nínú ilé tí èmi náà ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ Ayétòrò ni, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́. Ilé iṣẹ́ oníke kan lọ́nà Agbára ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tẹ ike ti gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi í sídìí fóònù. Wọ́n wá gbé apá irin kan tó ń lo iná sí ibi tó máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Ó ní lọ́sàn-án, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bá lọ jẹun, òun máa ń lọ wo apá irin náà. Kì í jẹun. Kì í dúró.

Ọdún kan ti kọjá kó tó wá sọ́dọ̀ Bàbá. Nígbà tí Bàbá bi í ní ìbéèrè wọn, ó wo ilẹ̀.

“Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò rántí pé ó sinmi rí.”

Bàbá ní kó ṣáà máa wá jókòó tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ń wá. Wọ́n á máa gbẹ́gi, òun á máa sọ̀rọ̀, èmi náà á máa dá sí i láti ẹ̀yìn páànù. Lọ́jọ́ kan ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ọwọ́ irin ti gba iṣẹ́ mi. Ọwọ́ igi ló tún máa wá wà ní àyè ọwọ́ mi yìí. Kí ló wá kù níbẹ̀ tó ń jẹ́ èmi?”

Ẹsẹ̀ máṣíìnì mi dúró. Mo fẹ́ gbọ́ èsì.

Bàbá fẹ́ èérún igi kúrò lójú ohun tí wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n ní, “Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ló kù. Ọwọ́ irin ò jẹ́ bi mí.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò mú ìṣòro kúrò, ìṣòro rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá tó bí i ò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti gé.

Hẹ́dìmasítà tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá Ṣọládé. Ìyàwó wọn kú nígbà tí Ẹ̀bùn wà ní kékeré, àwọn nìkan ló tọ́ ọ. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, Ẹ̀bùn á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife omi fún wọn kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Ìkíni wọn nìyẹn, àṣà àwọn méjèèjì. Nígbà kan, ọmọ náà ń fi ọ̀tún ṣeré, ó fi òsì gbé ife, bàbá rẹ̀ da omi náà nù. Nígbà tó sì ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, kó ṣe tíṣà. Ó lọ. Ọdún kan gbáko ni ọmọ yìí fi ń fi ojú nìkan han bàbá rẹ̀ lórí fídíò fóònù, kò gbé kámẹ́rà kọjá àgbọ̀n. Ní báyìí, bàbá ti pè pé ìpàdé ńlá ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé àwọn bọ̀ ní Ọ̀tà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn máa kọ́kọ́ yà lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀bùn wá bẹ Bàbá Ọlọ́wọ́, ó ní, “Bàbá, mi ò fẹ́ ọwọ́ tó ń sinmi. Ẹ gbẹ́ èyí tó di ife mú fún mi. Kí ìka rẹ̀ ká, kí ife wọ inú ẹ̀ dáadáa. Màá wọ aṣọ alápá gígùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà lè fi ọ̀tún fún Dádì mi lómi. Tí wọ́n bá rí mi báyìí, mi ò ní jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ mọ́.”

Bàbá ò fẹ́. Èmi ni mo kọjá sọ́dọ̀ wọn. “Ẹ gbẹ́ ẹ fún un jàre! Ọjọ́ kan ni. Kí ọkùnrin náà mu omi, kó lọ sí ìpàdé rẹ̀, kó máa lọ sílé. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe é?”

Wọ́n ní, “Ìyá Treasure, tí mo bá gbẹ́ ọwọ́ tó di ife mú, bàbá ẹ̀ á gba omi lọ́wọ́ igi. Ta ló máa gba omi lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀?”

Mo ní òwe ò kan èyí, ọmọdébìnrin yìí ń gbọ̀n. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní àwọn á gbẹ́ ẹ.

Wọ́n gbẹ́ ẹ, ìka rẹ̀ ká, ife wọ inú rẹ̀ rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kó o fún un ní àárọ̀ Sátidé, méjì ni wọ́n kó fún un. Èkejì, ọwọ́ kan tó ń sinmi ni. Wọ́n ti ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ láti gbogbo ọjọ́ tó fi ń jókòó tì wọ́n. Bó bá ń gbọ́rọ̀, tí kò sì rántí ara rẹ̀, ọwọ́ náà máa ń dojú dé, ìka ìfábẹ̀lá á wá gbéra díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ojú ń tì. Ohun tí wọ́n gbẹ́ nìyẹn, wọ́n kàn yí i sí ọ̀tún ni. Wọ́n ní, “Èyí tí o bẹ̀ mí nìyí, èyí tí mo rí nìyí. Mú èyí tó bá wù ọ́.”

Ọ̀sán ni Bàbá Ṣọládé dé, wọ́n gbé àpò èlùbọ́ dání, wọ́n wọ búbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ tó le gan-an. A gbé àga fún wọn sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí, Bàbá Ọlọ́wọ́ wa, wá kí wọn, wọ́n jókòó tì wọ́n, àwọn àgbà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ti mọra tipẹ́. Gbogbo ará ilé ló déédéé rí iṣẹ́ ṣe níta. Ẹni tó ń fọṣọ ń fọ ohun tó ti mọ́.

Èmi wà nínú yàrá pẹ̀lú Ẹ̀bùn. Èmi ni mo ń bá a so awọ ọwọ́ oníife náà. Mo ti gbé ife sínú rẹ̀, omi ti wà níbẹ̀, apá aṣọ ti bò ó. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Ó wo ife náà. Ó ní, “Ìyá Treasure, ẹ tú u.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ọwọ́ yìí ti níṣẹ́ jù. Iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo rán an létí omi tí wọ́n dà nù. Mo bínú pàápàá. Ó ń fi eyín tú okùn awọ náà fúnra rẹ̀, ni mo bá tú u. Ó wọ èkejì. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, ó fi ọwọ́ òsì gbé ife, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ igi náà lé itan, ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ gbéra díẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì.

“Dádì, ẹ káàbọ̀. Ẹ gba omi.”

Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Ṣọládé ti ń bọ̀ láti gba ife kí ojú wọn tó rí ọwọ́ tó gbé e wá. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ojú wọn le. Mo mọ ojú yẹn, mo ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́pọ̀ ìgbà. “Ẹ̀bùnolúwa!” Bí hẹ́dìmasítà ṣe ń pe ọmọ síwájú kíláàsì ni wọ́n ṣe pè é. Kò gbé ife kúrò. Kò sì gbójú kúrò. Bàbá rẹ̀ wá ń wá ọwọ́ kejì, wọ́n wo apá, wọ́n wo ìgúnpá, wọ́n bá a dé orí itan.

Ẹni tó ń fọṣọ ò fọṣọ mọ́. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí la ẹnu, wọ́n sì pa á dé.

Bàbá Ṣọládé fa ọwọ́ ọ̀tún wọn padà. Wọ́n gbé e lé itan tiwọn. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì, wọ́n fi gba ife náà lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Ọwọ́ náà ò mọ ife gbé. Omi ń dà sí búbá lílọ̀ náà, omi ń bọ́ sí àgbọ̀n wọn, omijé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọn ò gbé e bọ́ sí ọ̀tún. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n fi òsì náà dá ife padà.

“Òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí,” wọ́n ní. “Bù sí i.”

Ẹ̀bùn gba ife, ó dìde. Kò tíì yí padà nígbà tí Bàbá Ọ̀ṣìnúbí pè é.

“Ẹ̀bùn, bù tèmi náà wá.”

Ọwọ́ òsì wọn ti wà níwájú, wọ́n ti là á sílẹ̀.